Rẹ́gí Báwo?

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè Yorùbá tí mo fẹ́ràn púpọ̀ láti ìgbà tí mo ti wà ní yunifásítì. Ọ̀rọ̀ náà ni "rẹ́gí". Bí bùbá bá bá ènìyàn lára mu, a ó ní ó ṣe rẹ́gí. Bí ọmọrí bá bá ìkòkò mu, a ó ní ó ṣe rẹ́gí. Bí òwe bá bọ́ sí ibi tí ó yẹ nínú ọ̀rọ̀, a ó ní ó ṣe rẹ́gí. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ náà pé pérépéré, kò fẹ́ àtúnṣe kankan. Àfi ọjọ́ tí mo dúró níwájú oníṣẹ́ irin kan ní Abẹ́òkúta, tí mo ní kí ó bá wa ṣe ọ̀pá irin kan kí ó sì ṣe rẹ́gí. Ọkùnrin náà gbójú sókè, ó wò mí, ó ní, "Àǹtí, rẹ́gí báwo?"

N kò rí ìdáhùn fún un lọ́jọ́ náà. Àìmọ̀kan yẹn ná wa lówó, ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dá iṣẹ́ màmá mi rú, ó sì mú kí n dákẹ́ níbi tí ó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀. Dídákẹ́ yẹn ló ń dùn mí jù títí di òní.

Ilé búrẹ́dì kékeré ni màmá mi ní. Ibẹ̀ ni owó ilé ẹ̀kọ́ mi ti jáde, ibẹ̀ náà ni ti àbúrò mi ọkùnrin ti ń jáde báyìí. Òṣìṣẹ́ mẹ́fà ló ń jẹun níbẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po ìyẹ̀fun ni òpómúléró ilé náà. Owódé Onírin ní Èkó ni màmá mi ti rà á ní tòkunbọ̀, lọ́dún tí mo wọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n ní ó ti wá, ṣùgbọ́n orúkọ tí ó wà lára rẹ̀ ti pa rẹ́, kò sí ẹni tí ó mọ ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é. Ní ìdájí ọjọ́ kan nínú oṣù kọkànlá ọdún 2023, tí ìyẹ̀fun ṣì wà nínú ọpọ́n rẹ̀, a gbọ́ gbàù! Ọ̀pá irin tí ń gba agbára lọ́wọ́ bẹ́líìtì fún apá tí ń po ìyẹ̀fun, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní ṣáàfù, ti kán sí méjì.

Kò sí irú rẹ̀ lọ́jà. Àfi kí a ní kí wọ́n bá wa ṣe é. Láàárín àkókò yẹn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń po ìyẹ̀fun. Àpò ìyẹ̀fun kan jẹ́ kílógíráàmù 50; àpò mẹ́rin tí ẹ̀rọ ń pò kí ilẹ̀ tó mọ́ wá di ẹyọ kan péré. Àwọn obìnrin tí ń kiri búrẹ́dì wa bẹ̀rẹ̀ sí í yà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ọdún Kérésì sì ń bọ̀.

Màmá mi pè mí. Ó ní, "Ìwọ ni akọ̀wé ilé yìí. Bá mi kọ ohun tí a fẹ́ kí wọ́n ṣe sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà fi mí ṣe òmùgọ̀."

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́: inú mi dùn. Ẹni tí ó bá ka ìwé Yorùbá jáde mọ irú ìbéèrè tí àwọn mọ̀lẹ́bí máa ń béèrè: "Iṣẹ́ wo lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?" Ó wù mí kí n fi hàn pé ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ í lò wúlò níbi gbogbo. Mo ra ohun ìwọ̀n oníke kan, irú èyí tí ẹnu rẹ̀ dà bí ẹ̀mú. Mo gbá ọ̀pá tí ó kán náà mú, mo wọn ibi tí bẹ́árìn máa ń jókòó lé láti etí dé etí. Ó jẹ́ mìlímítà 29.7. Mo wọn gígùn rẹ̀ pẹ̀lú. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan, mo sì fi gbólóhùn kan parí rẹ̀: "Kí ó ṣe rẹ́gí."

Ìwé yìí ni oníṣẹ́ irin náà ń wò nígbà tí ó bi mí ní ìbéèrè rẹ̀. Bí ó ti rí i pé n kò dáhùn, ó là á yé mi. "Ṣé èyí tí bẹ́árìn yóò le mọ́ pinpin ni, àbí èyí tí yóò máa yọ̀ wọlé? Ẹ kò mú bẹ́árìn rẹ̀ wá ni?"

Ojú tì mí, mo sì sọ ìtìjú náà di ìkanra. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣáà ṣe ohun tí mo kọ."

Ó ṣe ohun tí mo kọ.

Ọjọ́ kẹrin ni ó parí rẹ̀, a sì gbé e sínú ẹ̀rọ. Inú gbogbo ilé dùn fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Ní ọjọ́ karùn-ún, ibi tí bẹ́árìn wà gbóná débi pé ọwọ́ kò ṣe é gbé lé e, bẹ́árìn méjèèjì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà sì bàjẹ́. Màmá mi kò dúró gbọ́ ohunkóhun. Ó di ilé oníṣẹ́ irin, èmi náà sì tẹ̀ lé e.

Màmá mi sọ̀rọ̀ sí ọkùnrin náà lójú àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀. Ó ní òun kò ní san owó tí ó kù, ó ní iṣẹ́ gbájúẹ̀ ni ó ṣe. Ọkùnrin náà kò jà. Ó wọlé, ó mú ìwé mi jáde, ó tẹ́ ẹ sórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Màmá, ohun tí àǹtí kọ ni mo ṣe. Mo béèrè bẹ́árìn lọ́wọ́ wọn."

Màmá mi yíjú sí mi. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí a máa lọ ilé." Ìyẹn nìkan ni mo sọ.

Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bàbá arúgbó kan wà ládùúgbò wa tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bàbá Rélùwéè, nítorí pé ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe ní Ẹbúté-Mẹ́ta ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Mo gbé ọ̀pá méjèèjì lọ bá wọn, èyí tí ó kán àti èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe. Bàbá gbé dígí wọn sójú. Wọn kò wọn ohunkóhun ná. Èékánná ni wọ́n fi ń wọ́ ara ọ̀pá àtijọ́ náà lọ wọ́ ọ bọ̀, lójú kan náà, léraléra. Mo rántí pé alágbẹ̀dẹ tí ń lu irin lójú kan, ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀ ló ń wá.

Wọ́n ní, "Níbo lo ti wọ̀n ọ́n?"

Mo fi ibẹ̀ hàn wọ́n.

"Ibi tí bẹ́árìn ti jẹ ẹ́ nìyẹn. O wọn ẹni tí àìsàn ti mú rù, o wá fi ìwọ̀n rẹ̀ rán aṣọ fún ẹni tí ara rẹ̀ le."

Wọ́n mú bẹ́árìn tí ó bàjẹ́, wọ́n ní kí n ka nọ́ńbà ara rẹ̀. Mo ka 6206. Wọ́n ní nínú irú bẹ́árìn bẹ́ẹ̀, kí n mú nọ́ńbà méjì tí ó gbẹ̀yìn, kí n sọ ọ́ di ìlọ́po márùn-ún. 06 ní ìlọ́po márùn-ún jẹ́ 30. Mìlímítà 30 ni ihò àárín bẹ́árìn náà, ibikíbi tí wọ́n bá ti ṣe é lágbàáyé. Nítorí náà, 30 ni ọ̀pá wa nígbà tí ó ṣì wà ní tuntun. Èyí tí mo ní kí wọ́n ṣe fi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá mìlímítà kéré. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé bẹ́árìn kò lè di ọ̀pá mú, ó wá ń yí lórí rẹ̀, ó ń ha á, ó sì ń gbóná.

Mo ní, "Bàbá, tí mo bá kọ 30 ńkọ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kò sí ọwọ́ tàbí ẹ̀rọ kan láyé tí ó lè gé irin kí ó jẹ́ 30 géérégé láìyẹ̀. Ohun tí a ń kọ ni bí ó ṣe lè yẹ̀ tó kí a sì gbà á bẹ́ẹ̀. Fún bẹ́árìn tiwa, tí ọ̀pá ń yí tí ẹrù sì ń tẹ̀ ẹ́, ìwọ̀n ọ̀pá náà gbọ́dọ̀ wà láàárín 30.002 sí 30.015. Bébà tí a fi ń tẹ̀wé nínú ọ́fíìsì nípọn tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà. Bí a bá lè la irú bébà bẹ́ẹ̀ sí ọ̀nà méje, ọ̀kan nínú méje náà ṣì nípọn ju àyè tí ó wà láàárín nọ́ńbà méjèèjì yẹn lọ. Bí ọ̀pá bá kéré jù, bẹ́árìn yóò máa yí lórí rẹ̀. Bí ó bá tóbi jù, yóò fún bẹ́árìn láti inú, àwọn ọmọ rẹ̀ kò ní rí àyè yí, yóò sì jóná.

Lẹ́yìn náà ni Bàbá mú pẹ́ńsù. Wọ́n ya ọ̀pá náà láti ẹ̀gbẹ́, wọ́n sì ń bi mí ní ìbéèrè bí wọ́n ti ń yà á. Kí ló máa jókòó síbí? Bẹ́árìn. Ó gbọ́dọ̀ le mọ́ ọn. Kí ló máa jókòó síbí? Púlì. Ìyẹn ní láti ṣe é yọ nígbà tí bẹ́líìtì bá já, nítorí náà ìwọ̀n ọ̀pá níbẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 28 lọ, ó sì lè fi díẹ̀ kéré sí i. Àárín ọ̀pá ńkọ́? Kò sí ohun tí ó kàn án. Wọ́n ní bí ó bá fi ìdajì mìlímítà yẹ̀ níbẹ̀, kò bu ẹnikẹ́ni jẹ. "Má ṣe fi ìnira kan oníṣẹ́ níbi tí kò pọn dandan. Gbogbo ibi tí o bá ti ní kó má yẹ̀, owó ni wàá fi san án."

Wọ́n tún fi ibi tí ọ̀pá wa ti kán hàn mí. Ibi tí ó ti fi ara nínípọn sọ̀ sórí ara tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Wọ́n ní igun tí ó bá mú ṣánṣán bẹ́ẹ̀ ni irin máa ń gbà là. Kí a kọ ọ́ pé kí wọ́n yí igun náà po díẹ̀, ṣùgbọ́n kí yíyípo rẹ̀ má tó mìlímítà 1, kí bẹ́árìn lè jókòó dé ìdí. Wọ́n kọ irú irin tí a fẹ́, nítorí irin rírọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe géètì kò lè gba irú iṣẹ́ yìí. Wọ́n sì kìlọ̀ pé kí a má wọn irin tí ó ṣì gbóná láti orí ẹ̀rọ, nítorí pé ooru ń mú irin wú. Wọ́n ní ìwọ̀n 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni gbogbo ayé fi ẹnu kò sí pé kí a máa ka ìwọ̀n irin sí.

Bí mo ti ń wo àwòrán náà, ọ̀rọ̀ "rẹ́gí" padà sí mi lọ́kàn. Láyé àtijọ́, bí àgbẹ̀ bá gbé ọkọ́ lọ sí àgbẹ̀dẹ, yóò mú ẹ̀rúkọ́ rẹ̀ dání. Alágbẹ̀dẹ yóò lu irin, yóò dán an wò lára igi, yóò tún un lù, títí yóò fi wọ̀ ọ́. Kò sí nọ́ńbà kankan níbẹ̀ nítorí pé ohun méjèèjì tí ó yẹ kí ó bá ara mu wà níwájú ẹni tí ń ṣe é. Ìdí nìyí tí ọkùnrin yẹn fi béèrè bẹ́árìn lọ́wọ́ mi. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀rúkọ́ ló ń béèrè.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo jókòó ti màmá mi níbi tí wọ́n ti ń ka owó. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Mo ní, "Màmá, èmi ni mo wọ̀n ọ́n sódì. Ọ̀gá yẹn béèrè bẹ́árìn lọ́wọ́ mi, èmi ni mo ní kí wọ́n ṣe ohun tí mo kọ."

Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Mo rò pé ti owó ni wọn yóò sọ. Wọ́n ní, "Owó ń padà bọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ọmọ ọlọ́mọ lójú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ńkọ́? O dúró níbẹ̀, o gbọ́ gbogbo rẹ̀."

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, a ti wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Màmá mi dúró kí gbogbo àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó pé, nítorí ojú wọn ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Ẹ fojú fo ó, ọ̀gá. Ọmọ mi ló ṣì í, èmi ni mo ṣì yín bú." Èmi kúnlẹ̀. A san owó tí ó kù. Ọkùnrin náà ní kí n dìde, ó ní kò sí nǹkan kan, ṣùgbọ́n mo rí i pé ara rẹ̀ balẹ̀ nígbà tí ó yíjú sí àwọn ọmọ rẹ̀.

Mo fi àwòrán Bàbá Rélùwéè hàn án. Ó wò ó pẹ́. Màmá mi ní kí ó bá wa ṣe é. Ohun tí ó sọ ni mo fi mọ̀ pé oníṣẹ́ òótọ́ ni: "Màmá, ẹ̀rọ mi ti gbó. Mo lè sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n n kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé yóò wà láàárín nọ́ńbà méjì yìí. Ó yẹ kí wọ́n fi òkúta ẹ̀rọ lọ̀ ọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá gé e tán." Ó júwe ilé iṣẹ́ kan fún wa ní Èkó tí ó ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

Àbúrò mi bá wa tún àwòrán náà yà lórí kọ̀ǹpútà, a sì fi ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp. Kí wọ́n tó dárúkọ owó, wọ́n kọ́kọ́ bi wá ní ìbéèrè mẹ́rin: irú irin wo, iṣẹ́ wo ni ọ̀pá náà ń ṣe, apá wo ni ẹrù ti ń tẹ̀ ẹ́, ẹyọ mélòó? Lọ́tẹ̀ yìí, n kò bínú sí ìbéèrè. Wọ́n ní ẹyọ kan jẹ́ ₦120,000, ẹyọ méjì sì jẹ́ ₦150,000. Ó yà mí lẹ́nu, àfi ìgbà tí wọ́n ṣàlàyé pé títo ẹ̀rọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà ló ń gba àkókò jù. Bí wọ́n bá ti tò ó tán, ẹyọ kejì kò gba púpọ̀. Màmá mi ní kí wọ́n ṣe méjì.

Ọjọ́ kẹwàá ni àpótí náà dé láti Èkó. Ìwé kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n kọ ohun tí wọ́n wọ̀n sí: 30.009 lápá kan, 30.007 lápá kejì. Ọ̀gá wa ti Abẹ́òkúta ni a pè kí ó wá bá wa tò ó. Ó fi micrometer tirẹ̀ wọn apá kìíní, ó ka 30.01, ó mi orí. Ó ki bẹ́árìn tuntun bọ inú òróró gbígbóná kí ó lè wú díẹ̀, ó fi ẹ̀mú gbé e jáde, ó sì rọra tì í sára ọ̀pá. Ó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tí ó tutù, èmi àti àbúrò mi gbìyànjú láti yí i lórí ọ̀pá, kò mira. Ó le mọ́ ọn pinpin.

Ó bojú wò mí, ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, irú rẹ́gí tí mo ń béèrè nìyẹn."

Ẹ̀yin òǹkàwé, bí ó bá kàn yín láti ní kí wọ́n ṣe irin kan fún yín, ìbáà ṣe ti ẹ̀rọ ata ìyá yín tàbí ti ẹ̀rọ ìránṣọ tí ọjà rẹ̀ ti tán, ẹ má ṣe wọn ibi tí ó ti jẹ. Ẹ wọn ohun tí yóò jókòó lé e, tàbí kí ẹ gbé e dání lọ. Ẹ sọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe, ẹ sọ ibi tí kò gbọdọ̀ yẹ̀ àti ibi tí ó lè yẹ̀. Bí oníṣẹ́ bá sì bi yín ní ìbéèrè, ẹ fara balẹ̀ dá a lóhùn. Ẹni tí kò béèrè ohunkóhun ni kí ẹ bẹ̀rù.

Ẹ̀rọ màmá mi ń ṣiṣẹ́ títí di bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. A po ìyẹ̀fun ọdún Kérésì yẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ nínú àwọn oníbàárà wa kò padà. Ọ̀pá kejì wà lábẹ́ ibùsùn màmá mi. Wọ́n fi òróró pa á, wọ́n sì fi àkísà wé e bí ọmọ tuntun. Àwòrán tí Bàbá Rélùwéè fi pẹ́ńsù yà wà lára ògiri ilé búrẹ́dì. Ìwé tèmi, èyí tí mo kọ "kí ó ṣe rẹ́gí" sí, wà nínú àpò mi. Mo gbà á lọ́wọ́ ọ̀gá yẹn lọ́jọ́ tí a lọ bẹ̀ ẹ́, n kò sì tíì lè jù ú nù.